Ọwọ́ Tí Ó Pàtẹ́wọ́ Yóò Sọ̀rọ̀

Ìwàásù Jímọ̀ tí a tẹ̀ fún àwọn olùkírun, Ladi-Lak, Bárígà

ÌWÀÁSÙ KÌN-ÍN-NÍ

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tí ó fún wa ní etí kí a fi gbọ́, tí ó fún wa ní ojú kí a fi ríran, tí ó sì fi ọkàn sí àyà wa kí a lè mọ ohun tí ó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára. Òun ni a ń yìn, Òun ni a ń tọrọ ìrànlọ́wọ́ àti àforíjìn lọ́dọ̀ Rẹ̀. A ń wá ìṣọ́ lọ́dọ̀ Rẹ̀ kúrò níbi aburú ẹ̀mí wa àti aburú iṣẹ́ ọwọ́ wa. A jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí àfi Ọlọ́hun nìkan, a sì jẹ́rìí pé ẹrúsìn Rẹ̀ àti òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni Ànábì Muhammad. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tọ ipa wọn pẹ̀lú dáadáa títí di Ọjọ́ Ìgbéǹde.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ara mi ni mo kọ́kọ́ ń kìlọ̀ fún kí n tó kìlọ̀ fún yín: ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí dá lé orí ohun tí ojú wa ń wò, àti ohun tí ọkàn wa ń ṣe nígbà tí ojú bá ń wò ó.

Láìpẹ́ yìí, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, mo bá mẹ́ta nínú àwọn ọ̀dọ́ wa lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, wọ́n korí jọ sídìí fóònù kan ṣoṣo. Bí wọ́n ṣe rí mi ni wọ́n fẹ́ pa á. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí wọ́n kàn sọ fún mi ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Àáfà, ẹ má bínú, eré òyìnbó kan ni. The Boys ni wọ́n ń pè é.” Mo jókòó tì wọ́n, mo sì gbọ́ àlàyé.

Eré alápá púpọ̀ ni, tí ilé iṣẹ́ Amazon bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde lórí Prime Video ní ọdún 2019. Inú ìwé aláwòrán tí Garth Ennis kọ, tí Darick Robertson sì ya àwòrán rẹ̀, ni wọ́n ti mú un. Ó sọ nípa àwọn ènìyàn tí wọ́n ní agbára àràmàǹdà: òmíràn ń fò bí ẹyẹ, òmíràn ń sáré ju ọkọ̀ lọ. Nínú àwọn eré tí àwa àgbà mọ̀ nígbà èwe wa, irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni í máa ń gba aláìlágbára sílẹ̀ lọ́wọ́ òṣìkà. Nínú eléyìí, òṣìkà ni púpọ̀ nínú àwọn alágbára náà fúnra wọn. Ilé iṣẹ́ ńlá kan ni ó ń darí wọn, tí ó sì ń fi orúkọ wọn pa owó. Olórí wọn ni wọ́n ń pè ní Homelander. Ó fi àsíá Amẹ́ríkà ṣe aṣọ ìléjìká. Iná ń jáde ní ojú rẹ̀, ó sì lè fi ojú náà gé ènìyàn sí méjì. Ìbọn kò ràn án. Ohun tí ó ń bẹ̀rù jù lọ ni pé kí àwọn èrò má fẹ́ràn òun mọ́.

Ẹ̀yin ará, èmi kò wá pe ẹnikẹ́ni láti lọ wo eré náà. Ìhòhò àti ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn tí wọ́n ṣe é gan-an kò sì ṣe é fún ọmọdé. Nínú Súúrà An-Nūr, Ọlọ́hun pàṣẹ fún àwa onígbàgbọ́, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, pé kí a rẹ ojú wa sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ti wò ó. Láti Ladi-Lak dé Akọkà, láti Ilàjẹ dé Pẹ́dro, ó wà lórí fóònù wọn. Bí àáfà bá dákẹ́ lórí ohun tí gbogbo ọmọ àdúgbò ń sọ, ta ni yóò bá wọn sọ ọ́?

Apá tí wọ́n ń jiyàn lé lórí ni apá kẹjọ, èyí tí ó kádìí abala kẹta eré náà. Ọjọ́ kẹjọ oṣù Keje ọdún 2022 ni ó jáde. Ní òpin rẹ̀, Homelander mú ọmọkùnrin rẹ̀, Ryan, jáde síwájú àwọn èrò tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ọkùnrin kan tí kò sí lẹ́yìn rẹ̀ kígbe mọ́ ọn, ó sì ju nǹkan lu ọmọ náà. Lójú ẹsẹ̀, Homelander fi iná ojú rẹ̀ fọ́ orí ọkùnrin náà níṣojú gbogbo ènìyàn. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Apànìyàn náà gan-an dúró, ó ń wo ojú àwọn èrò, kò mọ ohun tí wọn yóò ṣe. Nígbà náà ni ọkùnrin kan láàárín wọn, Todd ni orúkọ rẹ̀ nínú eré náà, gbé ọwọ́ sókè, ó sì hó. Ẹlòmíràn hó tẹ̀ lé e, òmíràn tún hó, títí gbogbo wọn fi ń pàtẹ́wọ́. Homelander wá mọ̀ pé kò sí ohun tí òun kò lè ṣe mọ́. Ọmọ náà wo àwọn èrò, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ibẹ̀ ni eré náà parí sí.

Mo bi àwọn ọ̀dọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta léèrè pé: nígbà tí ẹ kọ́kọ́ rí i, kí ni ẹ ṣe?

Ẹni àkọ́kọ́ sọ òótọ́ fún mi, Ọlọ́hun yóò san án lẹ́san òótọ́ rẹ̀. Ó ní, “Àáfà, mo hó ni. Ẹni tí ẹnikẹ́ni ò lè mú, tí ọlọ́pàá ò lè dá dúró lójú ọ̀nà, ta ni kò ní wù?” Ẹnì kejì ní, “Ọkùnrin yẹn ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Ta ló ní kó ju nǹkan lu ọmọ ọlọ́mọ? Ó tọ́ sí i.” Ẹnì kẹta dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ní, “Èmi pa fóònù ni, Àáfà. Àwọn èrò yẹn ló bà mí lẹ́rù ju Homelander fúnra rẹ̀ lọ.”

Kì í ṣe àwọn mẹ́ta yìí nìkan. Ní ilẹ̀ òkèèrè pẹ̀lú, àwọn òǹwòran kan ti sọ Homelander di akọni wọn, débi pé wọ́n bi Eric Kripke, ẹni tí ó darí kíkọ eré náà, léèrè nípa àwọn tí wọ́n rò pé òun ni ẹni rere inú ìtàn. Ohun tí ó kàn mí lónìí ni ìdáhùn mẹ́ta tí mo gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí wa. Ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó wà nínú wa, ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ni Ìsìláàmù ní ọ̀rọ̀ láti sọ sí.

Ẹ̀yin onígbàgbọ́ òdodo, ọ̀rọ̀ òǹwòran kì í ṣe ohun tuntun nínú Al-Kùránì. Nínú Súúrà Al-Qasas, Ọlọ́hun sọ ìtàn Qārūn fún wa. Ìjọ Ànábì Mūsā ni ó ti wá, ọrọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kọ́kọ́rọ́ ilé ìṣúra rẹ̀ ń wọ àwọn alágbára lọ́rùn. Ní ọjọ́ kan, ó jáde sí àwọn ènìyàn rẹ̀ nínú gbogbo ọ̀ṣọ́ rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé Ọlọ́hun kò dúró sórí ọ̀rọ̀ Qārūn nìkan. Ó yí ojú ìtàn náà sí àwọn tí wọ́n dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń wò ó. Ó sọ fún wa pé wọ́n pín sí méjì. Ìjọ kan rí i, ẹnu wọn dá itọ́, wọ́n ní ìbá ṣe pé àwọn náà ní irú rẹ̀. Ìjọ kejì, àwọn tí a fún ní ìmọ̀, kìlọ̀ fún wọn pé ẹ̀san Ọlọ́hun ni ó dára jù fún ẹni tí ó gbàgbọ́ tí ó sì ń ṣe rere. Nígbà tí ilẹ̀ gbé Qārūn mì pẹ̀lú ilé rẹ̀, àwọn tí wọ́n fẹ́ wà ní ipò rẹ̀ lánàá ni wọ́n ń dúpẹ́ pé a kò fún àwọn ní ohun tí àwọn tọrọ.

Ìwọ ọmọ mi tí o ní agbára náà wù ọ́, èmi kò bú ọ. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ ti wá. Ọmọ tí wọ́n ti gbá létí láìṣẹ̀, tí wọ́n ti tú fóònù rẹ̀ wò lójú ọ̀nà, tí kò sì rí ẹni gbèjà rẹ̀, bí ó bá rí ẹni tí ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ kàn, yóò wù ú. Ṣùgbọ́n wo ẹni tí ó wù ọ́ dáadáa. Agbára tí kò ní ẹni tí yóò bi í léèrè, tí kò sì bẹ̀rù Ọlọ́hun, agbára Fírìáónà ni. Nígbà tí irú agbára bẹ́ẹ̀ bá sì dé Ladi-Lak, ìwọ kọ́ ni yóò gbé e wọ̀ lọ́rùn. Ìwọ ni yóò gun lórí.

Ìdáhùn kejì, “ó tọ́ sí i,” ni ó dun mí jù, ẹ ó sì gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Nínú Súúrà Al-Burūj, Ọlọ́hun mẹ́nu ba àwọn kan tí wọ́n gbẹ́ kòtò, tí wọ́n kó iná sínú rẹ̀, tí wọ́n sì ń ju àwọn onígbàgbọ́ sí i. Ọlọ́hun gégùn-ún fún wọn. Lẹ́yìn èyí, Ó fi nǹkan kan kún un: Ó ní wọ́n jókòó yí iná náà ká, wọ́n ń wo ohun tí wọ́n ń ṣe fún àwọn onígbàgbọ́. Ìjókòó àti wíwò wọn náà wà nínú ẹ̀sùn tí a kà sí wọn lọ́rùn.

Ẹ̀yin ará, iná yẹn kò jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹwàá ọdún 2012, ní Aluu, nítòsí Yunifásítì Port Harcourt, wọ́n mú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin, wọ́n pè wọ́n ní olè, wọ́n bọ́ wọn síhòhò, wọ́n lù wọ́n, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Èrò pé jọ. Àwọn kan gbé fóònù sókè, wọ́n ń ká fídíò, fídíò náà sì ni ó rin ayé já. Ní oṣù Keje ọdún 2017, ilé ẹjọ́ dá ikú fún ènìyàn mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ náà, ọlọ́pàá kan sì wà nínú wọn. Ènìyàn mẹ́ta péré. Àwọn yòókù tí wọ́n dúró yí iná náà ká ńkọ́? Wọ́n ti lọ sílé. Wọ́n jẹun alẹ́, wọ́n sùn. Bóyá àwọn mìíràn nínú wọn ti di bàbá ọmọ àti ìyá ọmọ báyìí. Ilé ẹjọ́ ayé kò ní ìwé tí ó lè gba orúkọ gbogbo wọn. Ọlọ́hun ní in.

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ní Lẹ́kí, ní Èkó tiwa níbí, àwọn ọlọ́kadà lu ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ohùn pa, wọ́n sì dáná sun ún. Ìròyìn sọ pé orí ṣéńjì ọgọ́rùn-ún náírà ni ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kan náà gan-an, ní Sókótó, wọ́n lu ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan pa, wọ́n sì sun òkú rẹ̀, wọ́n ní ó sọ ọ̀rọ̀ àbùkù sí Ànábì. Wọ́n ń pe orúkọ Ọlọ́hun bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìgbìmọ̀ Sultan Sókótó bu ẹnu àtẹ́ lù ú, èmi náà sì ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú lórí múńbárì yìí. Ẹni tí a rán gẹ́gẹ́ bí ìkẹ́ fún gbogbo ẹ̀dá kò pàṣẹ pé kí èrò máa fi iná gbẹ̀san fún òun. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn ọjọ́ méjèèjì wọ̀nyí ni apá eré tí a ń sọ jáde, tí àwọn ọmọ wa rí èrò tí ó ń hó lé òkú lórí. Wọ́n ti rí i ní òótọ́ kí wọ́n tó rí i nínú eré.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, èmi tí mo dúró níwájú yín ní ìjẹ́wọ́ kan láti ṣe. Mo wà ní ọ̀dọ́, mo ń bọ̀ láti ilé kéwú, wàláà mi wà ní abíyá mi. Mo bá èrò tí wọ́n yí ọkùnrin kan ká, wọ́n ní olè ni. Èmi kò mú igi, èmi kò sì ju òkúta. Màmá àgbàlagbà kan bi mí pé, “Ọmọ àáfà, ṣé kò yẹ kí wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ ni?” Mo dá a lóhùn pé, “Wọn yóò tún fi í sílẹ̀ ni, Màmá. Ó tọ́ sí i.” Bí mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni mo bá tèmi lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni a gbọ́ pé birikílà ni ọkùnrin náà. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ni ó wá béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó kígbe olè lé e lórí. Ó ti kú. Láti ìgbà náà, mo ti ka Al-Kùránì parí ní ọ̀pọ̀ ìgbà, gbólóhùn yẹn kò sì tíì kúrò ní etí mi. Màmá náà lè ti rò pé bí ọmọ àáfà bá ti sọ bẹ́ẹ̀, bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀sìn wí. Èmi kò mọ orúkọ ọkùnrin náà títí di òní. Bí mo bá ń ṣe àdúà fún un, “birikílà ọjọ́ náà” ni mo ń pè é fún Ọlọ́hun.

Hadīsì kan wà tí Abū Dāwūd gbà wá. Nínú rẹ̀, Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, jẹ́ kí a mọ̀ pé bí a bá dá ẹ̀ṣẹ̀ lórí ilẹ̀, ẹni tí ó wà níbẹ̀ tí ó sì kórìíra rẹ̀ dà bí ẹni tí kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò sí níbẹ̀ tí ó sì yọ́nú sí i dà bí ẹni tí ó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára. Ẹni tí ó jókòó sí yàrá rẹ̀ ní Bárígà, tí ó wo fídíò Aluu, tí ó sì ní ó tọ́ sí wọn, ó ti rìn dé Aluu. Àwọn bàbá wa náà mọ irú ìdájọ́ yìí, wọ́n ní ẹni tí ó jí epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ fún un.

Ọmọ kan lè sọ pé, “Àáfà, eré lásán ni. Kò sí ẹni tí ó kú.” Òtítọ́ ni. Ẹni tí ó wo eré kò pànìyàn, èmi kò sì sọ pé ó pànìyàn. Ṣùgbọ́n òṣèré ni ó ń ṣe eré, ọkàn òǹwòran kì í ṣe eré. Ayọ̀ tí o yọ̀ sí ikú ọkùnrin náà, ayọ̀ gidi ni. Súúrà Al-Isrā’ kìlọ̀ fún wa pé a ó bi etí, ojú àti ọkàn léèrè. Bí ọkàn bá ti kọ́ bí a ṣe ń yọ̀ sí ikú níbi eré, kò ní pẹ́ kọ́ ọ ní ojú pópó.

Ẹ tún gbọ́ ìyókù ìtàn náà, nítorí àwọn tí wọ́n kọ ọ́ kò ṣe é kí a lè yin Homelander. Nígbà tí abala kẹrin bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, wọ́n gbé Homelander lọ sí ilé ẹjọ́ nítorí ọkùnrin tí ó pa, ilé ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀. Nínú apá kan náà, ó nílò òkú tí yóò fi ru ìbínú àwọn èrò sókè. Ta ni ó mú? Ó mú mẹ́ta nínú àwọn tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ní kí àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ lù wọ́n pa. Todd, ẹni tí ó kọ́kọ́ hó fún un ní ọjọ́sí, wà nínú wọn. Yorùbá ní pàṣán tí a fi na ìyáálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ọwọ́ tí Todd fi pàtẹ́wọ́ ni ó fi gbé pàṣán náà sí àjà.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara mi, fún ẹ̀yin, àti fún gbogbo Mùsùlùmí. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀, nítorí Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú.

ÌWÀÁSÙ KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó ṣe ìpànìyàn ní èèwọ̀, tí ó sì jẹ́ kí a mọ̀ nínú Súúrà Al-Mā’idah pé ẹni tí ó bá pa ẹ̀mí kan láìtọ́ dà bí ẹni tí ó pa gbogbo ènìyàn, ẹni tí ó sì gba ẹ̀mí kan là dà bí ẹni tí ó gba gbogbo ènìyàn là. Kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá Ànábì wa, olórí àwọn ẹni rere.

Ẹ̀yin ará, mo mọ ohun tí àwọn kan ń rò nínú ọkàn wọn. Wọ́n ń rò pé: Àáfà, ẹ kò mọ bí ó ṣe ń dunni tó. Mo mọ̀ ọ́n. Ní Ṣómólú níbí, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í ti í sinmi, bí wọ́n bá jí fóònù ẹnì kan, iṣẹ́ àwọn oníbàárà rẹ̀ bá a lọ, owó tí yóò fi ra bébà bá a lọ. Ó sì lè fa ẹni tí ó jí i lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ lónìí, kí ó tún pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà lọ́la. Ìbínú náà ní ìdí. Ṣùgbọ́n ìbínú kọ́ ni adájọ́. Ìsìláàmù fi ìyà sí orí olè, síbẹ̀ kò fi í sí ọwọ́ èrò. Ó fi í sí ọwọ́ adájọ́, lẹ́yìn ẹ̀rí, lẹ́yìn tí a bá ti gbọ́ tẹnu ẹni tí a fẹ̀sùn kàn. Súúrà Al-Hujurāt pàṣẹ pé bí òpùrọ́ bá mú ìròyìn wá, kí a wádìí rẹ̀ dájú, kí a má baà fi àìmọ̀ ṣe àwọn ènìyàn kan ní ibi, kí a sì wá kábàámọ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 náà, ní ìpín kẹrìndínlógójì, ka ẹni tí a fẹ̀sùn kàn sí aláìṣẹ̀ títí a ó fi fi ẹ̀rí hàn pé ó jẹ̀bi. Àgbà Yorùbá sì ti wí pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Birikílà ọjọ́ náà kò rí ẹnì kan ṣoṣo tí ó gbọ́ ẹjọ́ tirẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a jọ fi ẹnu kò lórí nǹkan mẹ́rin kí a tó jáde níbí.

Èkíní, bí ẹ bá gbọ́ igbe “Olè!” ní àdúgbò yìí, ẹ má sáré lọ fi ara kún èrò. Ẹni tí ó bá ní láti lọ, kí ó lọ láti gba ẹ̀mí là. Ẹ pe àwọn àgbà àdúgbò, ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì ìjọba Èkó, 112 tàbí 767. Bí àwa márùn-ún tàbí mẹ́wàá láti mọ́sálásí yìí bá dúró yí ẹni náà ká, tí a ní kí a gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó ṣòro kí èrò tó fọwọ́ kàn án. Ànábì wa kọ́ wa pé kí a ran ọmọ ìyá wa lọ́wọ́, yálà ó ń ṣàbòsí tàbí wọ́n ń ṣàbòsí sí i. Nígbà tí wọ́n bi í bí a ó ṣe ran alábòsí lọ́wọ́, ó ní kí a dá a dúró níbi àbòsí rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó gba igi lọ́wọ́ ọmọ àdúgbò rẹ̀ ran ẹni méjì lọ́wọ́: ẹni tí wọ́n fẹ́ pa, àti ẹni tí ì bá di apànìyàn.

Èkejì, ẹ má fi fóònù yín ṣe ibi ìjókòó létí kòtò iná. Bí ẹ bá ká ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láti fi ṣe ẹ̀rí fún àwọn agbófinró, iṣẹ́ ẹlẹ́rìí nìyẹn. Bí ẹ bá ká a láti fi ránṣẹ́ káàkiri kí àwọn ènìyàn lè rẹ́rìn-ín, ẹ ti dá òkú náà lóró lẹ́ẹ̀kan sí i. Fídíò irú bẹ́ẹ̀ tí ó bá dé ọwọ́ yín, ẹ pa á rẹ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin òbí, ẹ rántí ẹ̀rín músẹ́ ọmọ tí ó wà nínú eré náà. Bàbá rẹ̀ nìkan kọ́ ni ó kọ́ ọ. Àwọn èrò tí wọ́n pàtẹ́wọ́ ni wọ́n fi yé e pé ohun tí bàbá rẹ̀ ṣe dára. Àwọn ọmọ wa ń wo ojú wa nígbà tí ìròyìn bá ń sọ pé wọ́n pa ẹnì kan. Ohun tí ẹnu wa bá sọ ní wákàtí náà ni wọn yóò gbé dàgbà. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ mọ ohun tí wọ́n ń wò. Kí ẹ tó gba fóònù lọ́wọ́ wọn, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n ní ìbéèrè tí mo bi àwọn mẹ́ta wọ̀nyí: nígbà tí o rí i, kí ni o ṣe? Ẹ fetí sí ìdáhùn wọn, ẹ má fi igbe dá a dúró.

Ẹ̀kẹrin, ẹni tí ó bá ti hó rí, tí ó ti ju òkúta rí, tàbí tí ó ti sọ irú ọ̀rọ̀ tí èmi sọ, kí ó tuúbá. Kí ó kábàámọ̀, kí ó pinnu pé òun kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, kí ó sì wá àwọn ará ilé ẹni náà bí ó bá mọ̀ wọ́n. Bí kò bá mọ̀ wọ́n, kí ó máa tọrọ àforíjìn fún un, kí ó máa ṣe sàárà. Ilẹ̀kùn tuúbá kò tíì tì.

Mo padà sọ́dọ̀ ọmọ kẹta, èyí tí ó ní àwọn èrò ni ó ba òun lẹ́rù. Ọmọ mi, Ọlọ́hun ni ó fi ẹ̀rù náà sí ọ lọ́kàn, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. Nínú eré náà, ẹnì kan ni ó bẹ̀rẹ̀ ariwo tí gbogbo èrò gbà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan náà ni ó kọ́kọ́ kígbe pé “Ó tì o,” ta ni ó mọ ohun tí àwọn yòókù ìbá ṣe? Nígbà tí gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́, apànìyàn náà ń dúró de ìdájọ́ wọn. Irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò dé bá àwa náà ní ọjọ́ kan, ní òpópónà kan. Mo bẹ Ọlọ́hun kí ó jẹ́ ohùn tìrẹ ni a ó kọ́kọ́ gbọ́.

Ẹ̀yin ará, Súúrà Yā Sīn sọ fún wa nípa ọjọ́ kan tí Ọlọ́hun yóò fi èdìdì di ẹnu wa. Ọwọ́ wa ni yóò máa bá Ọlọ́hun sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ wa yóò sì jẹ́rìí. Ọwọ́ tí ó ju òkúta yóò sọ̀rọ̀. Ọwọ́ tí ó gbé fóònù sókè yóò sọ̀rọ̀. Ọwọ́ tí ó pàtẹ́wọ́ yóò sọ̀rọ̀. Ọwọ́ tí ó gba igi lọ́wọ́ ẹni tí ń bínú náà yóò sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yóò sì dùn ún gbọ́.

Ìwọ Ọlọ́hun, ṣe ìkẹ́ àti ọlà fún Ànábì Muhammad. Ìwọ Ọlọ́hun, dárí jì wá níbi ohun tí ojú wa ti wò àti ohun tí ọkàn wa ti yọ̀ sí. Ṣàánú fún gbogbo ẹni tí wọ́n pa láìṣẹ̀ ní ilẹ̀ yìí, àti birikílà ọjọ́ náà. Fún àwọn adájọ́ wa ní òdodo, fún àwọn agbófinró wa ní ìbẹ̀rù Rẹ, fún àwọn ọ̀dọ́ wa ní iṣẹ́ àti ọkàn tútù. Sọ Ladi-Lak, Bárígà àti Ṣómólú di àdúgbò tí àlejò yóò kígbe ìrànlọ́wọ́ tí yóò sì rí olùrànlọ́wọ́. Jẹ́ kí ọwọ́ wa jẹ́rìí gbè wá, má jẹ́ kí ó jẹ́rìí takò wá. Áàmín.

Ẹ dìde, ẹ to sàfù yín gún, kí a kírun.